Wàràkàsì Tó Ń Rùn, Wàràkàsì Tí Kò Rùn, àti Ọkùnrin Kan Tó Ṣe Méjèèjì

Ohun tí mo sọ lórí ètò ló wà níbí. Mo kàn yọ ikọ́ mi àti ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kúrò níbẹ̀ ni.

Ìbéèrè kan ló bí ètò tòní. Olùgbọ́ wa kan tó ń gbé ní London fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó ní bí wọ́n bá ti ń ṣe àríyá kékeré níbi iṣẹ́ òun, ṣíìsì ni wọ́n máa ń tò sórí pátákó: èyí tó rọ̀, èyí tó le, èyí tó ti bu tó ní ìlà búlùú nínú, àti ọ̀kan tó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù lánàá. Ó ní àwọn yòókù á máa pọ́n ọn lá, òun á sì máa wá fèrèsé. Ó wá bi mí pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé imú àwa Yorùbá ló yàtọ̀ ni, àbí àwọn ni wọn kì í gbóòórùn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí mo jókòó láti dá a lóhùn, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Àwa tí à ń sá fún ṣíìsì tó ń rùn, àwa náà la ni irú. Bí wọ́n bá ṣí ike irú pẹ̀tẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ilé alájà méjì, ẹni tó wà lókè ti mọ̀ pé ọbẹ̀ ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé imú tó gba irú kò lágbára tó láti gba wàràkàsì.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gbéregbère, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tí mo gbà gbọ́ lẹ́yìn gbogbo kíkà tí mo kà. Ojú ọjọ́ ló kọ́kọ́ ń pinnu ohun tí ẹnu wa mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ tí èèyàn ń bá rìn ló ń pinnu èyí tí yóò máa tì í lójú nínú ohun tí ẹnu rẹ̀ mọ̀. Apá kejì yìí ló ń dùn mí. A ó dé ibẹ̀.

Kí n sọ ti ẹnu tèmi ná, torí ẹ óò bi mí. Wàrà díndín ni tèmi, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n tí inú rẹ̀ ṣì funfun, tí wọ́n wá bu ata gígún sí lára. Wàrà tútù náà dáa, àmọ́ ẹni tó ní sùúrù ló ni ín. Nínú ti òkèèrè, mo fẹ́ràn oníbúlùú bí wọ́n bá da oyin lé e lórí. Àwọn tí wọ́n ń fi omi iyọ̀ nù lára, ìyẹn àwọn tó ń rùn bí ẹsẹ̀, mo ti jẹ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Adùn wọn dáa ju òórùn wọn lọ fíìfíì, síbẹ̀ mi ò tíì fi owó ara mi rà wọ́n. Ti inú ìwé fàdákà onígun mẹ́ta tí gbogbo ọmọdé mọ̀, mi ò kà á kún oúnjẹ. Ìtàn ni mo kà á kún, ẹ óò rí ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ti ilé bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni ọ̀rọ̀ náà "wàrà" ń ṣe lẹ́nu wa. Nínú Bíbélì, wàrà ni mílíìkì, òun ló ń ṣàn pẹ̀lú oyin ní ilẹ̀ ìlérí. Àmọ́ lọ́jà Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, bí o bá ní kí wọ́n ta wàrà fún ọ, èyí tó ti dì ni wọn yóò bù fún ọ. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ayé Samuel Ajayi Crowther nílò ọ̀rọ̀ mìíràn fún èyí tó dì, torí Dáfídì gbé mẹ́wàá rẹ̀ lọ fún olórí ogun níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Wàràkàsì la bá níbẹ̀. Ní etí tèmi, ó máa ń dún bíi wàrà tó ti kàsì, wàrà àná. Ìyẹn sì ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí wàrà tiwa kì í dúró débi tí yóò kàsì.

Àwọn ìyá Fúlàní ló ni iṣẹ́ náà. Wọ́n á gbé mílíìkì màlúù ka iná kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n á gún ewé àti ẹ̀ka bomubómu, igi kékeré ẹ̀bá ọ̀nà tí oje funfun máa ń jáde lára rẹ̀ bí o bá ya ewé rẹ̀. Wọ́n á fi mílíìkì díẹ̀ fọ ewé gígún yẹn, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á dà á sínú ìkòkò, iná á sì máa jó lọ. Láìpẹ́, ohun tó wà nínú ìkòkò á pín sí méjì: èyí tó dì, àti omi rẹ̀ tó rí bí omi ògì. Wọ́n á kó èyí tó dì sínú apẹ̀rẹ̀ kéékèèké kí omi ro kúrò lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlà apẹ̀rẹ̀ fi máa ń wà lára wàrà. Omi yẹn kì í ṣòfò. Inú rẹ̀ ni wàrà máa ń léfòó sí títí tí oníbàárà yóò fi dé.

Ẹ fọkàn sí nǹkan méjì níbẹ̀. Àkọ́kọ́, iná kan wàrà dáadáa, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ku kòkòrò àìfojúrí tó máa ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ìyẹn náà ló jẹ́ kó ṣeé dín: kì í yọ́ nínú epo, pípọ́n ló máa ń pọ́n. Èkejì, oje bomubómu kì í dẹ́kun iṣẹ́. Bí o bá gbé wàrà pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe, oje yẹn á máa jẹ ẹ́ lọ nínú, á sì korò. Ooru wa kò tilẹ̀ ní jẹ́ kó débẹ̀. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ó parí. Ní Benin, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní wagashi, wọ́n wá ọgbọ́n díẹ̀ sí i. Wọ́n máa ń tún un sè, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á fi èèpo ewé ọkà bàbà pa ara rẹ̀ láró pupa. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó lè gbéra ní ìhà Parakou kí ó dé Kútọnu láìbàjẹ́. Síbẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í le. Wàràkàsì ojú oòrùn ni.

Ẹ wá wo irú. Èso igi igbá ni, wọ́n á sè é títí, wọ́n á bó o, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wé e kí ó móoru fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Bacillus subtilis, kòkòrò àìfojúrí tó fẹ́ràn ooru, á ki ẹnu bọ̀ ọ́. Òórùn tó ń jáde níbẹ̀ ní amóńíà nínú, òórùn kan náà tó máa ń wà lára wàràkàsì tí wọ́n mú gbó títí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́. Ooru tó ń ba mílíìkì jẹ́ mọ́ àwọn ìyá Fúlàní lọ́wọ́ náà ló ń bá àwọn oníìrú ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹ̀wà ni òórùn tiwa gbà wọlé, wàrà wa sì tutù bí ọmọ jẹ́jẹ́.

Ní Yúróòpù, òtútù ló ni iṣẹ́. Ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, abúlé kan wà tí ń jẹ́ Roquefort-sur-Soulzon, lẹ́bàá òkè Combalou. Òkè náà ti là láti ìgbà pípẹ́, afẹ́fẹ́ tútù tó lọ́rinrin sì máa ń gba inú àwọn lílà yẹn wọ inú ihò rẹ̀ ní gbogbo ọdún. Wàràkàsì àgùntàn tí wọ́n bá tò síbẹ̀ máa ń bu, bíbu tí wọ́n fẹ́ sì ni. Penicillium roqueforti ló ń fa búlùú yẹn, ìbátan èyí tí wọ́n ti rí oògùn penisílíìnì. Orí búrẹ́dì ni wọ́n ti máa ń gbìn ín láyé àtijọ́. Ní 1411, Ọba Charles Kẹfà fún àwọn ará abúlé náà láṣẹ pé àwọn nìkan ló lè máa mú wàràkàsì yìí gbó. Ní 1925, òun ni wàràkàsì àkọ́kọ́ tí òfin Faransé dáàbò bo orúkọ rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọba jókòó, ó fọwọ́ sí ìwé nítorí oúnjẹ tó bu.

Àwọn tó ń rùn bí ẹsẹ̀ ní ọ̀nà tiwọn. Ọwọ́ àwọn mọ́ńkì, àwọn Kátólíìkì tó fi ilé sílẹ̀ láti máa gbàdúrà, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹran, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá: Maroilles, Époisses, àti Munster tí orúkọ rẹ̀ gan-an wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì fún ilé àwọn mọ́ńkì. Wọ́n á máa fi omi iyọ̀ nu ara wàràkàsì náà léraléra nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó tutù. Omi iyọ̀ yẹn máa ń lé àwọn tó lè mú un bu, á sì fàyè gba èyí tó ń jẹ́ Brevibacterium linens. Ara wàràkàsì á pọ́n bí ọsàn, òórùn á bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìbátan kòkòrò yìí ń gbé lára ẹsẹ̀ èèyàn, nítorí náà ẹni tó bá sọ pé ṣíìsì yìí ń rùn bí ẹsẹ̀ kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀fọn pàápàá jẹ́rìí sí i. Ní 1996, Bart Knols àti Ruurd de Jong, àwọn onímọ̀ ará Netherlands, fi hàn pé Anopheles gambiae, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri níbí gan-an, máa ń wá bá òórùn Limburger bó ṣe ń wá bá ẹsẹ̀ èèyàn. Ní 2006 wọ́n fún Knols àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní ẹ̀bùn Ig Nobel, ẹ̀bùn ìwádìí tó ń pani lẹ́rìn-ín kó tó múni ronú.

Limburger tí mo dárúkọ yìí la fẹ́ bá rìn báyìí. Orúkọ ilẹ̀ Limburg ló ń jẹ́, ilẹ̀ tí Belgium, Netherlands àti Jámánì ti pín mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn ará Jámánì àti Switzerland ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, wọ́n gbé ẹnu wọn dání. Èèyàn kì í fi ẹnu sílẹ̀ nílé. Ẹ bi àwọn tó ń di gàrí àti èlùbọ́ sínú àpótí lọ sí Heathrow.

Ọ̀kan nínú wọn ni Emil Frey, ọ̀dọ́kùnrin ará Switzerland tó ń ṣe wàràkàsì ní Monroe, ní ìpínlẹ̀ New York. (Ẹ fi sọ́kàn pé Monroe mìíràn wà ní Wisconsin, òun náà kún fún wàràkàsì. A ó yà síbẹ̀ láìpẹ́.) Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Adolph Tode ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní ìlú New York. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tó wá láti Jámánì ń béèrè wàràkàsì kan tí wọ́n mọ̀ nílé, Bismarck Schlosskäse. Ìrìn ojú omi kò bá wàràkàsì yìí lára mu. Tode ní kí Frey ṣe irú rẹ̀ síbẹ̀. Frey gbìyànjú, kò rí i ṣe. Ohun tó wá jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí 1891 jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ rẹ̀: ó rọ̀, ó pọ́n bí wúrà, òórùn rẹ̀ mú, àmọ́ kò le tó ti Limburger. Tode gbé e lọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin àwọn ará Jámánì tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ẹgbẹ́ náà sọ ọ́: Liederkranz.

Mo fẹ́ kí ẹ wo àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fún. Àwọn ọkùnrin tó ń kọrin èdè abínibí wọn ní ìlú àjèjì. Lójú ẹni tó bá ń kọjá lọ, ohun tó ń rùn ni. Lójú wọn, ilé ni.

Ọdún gorí ọdún. Ilé iṣẹ́ kan náà ń ṣe wàràkàsì Swiss, àwọn ńlá ńlá bí àgbá kẹ̀kẹ́. Wọ́n máa ń fọ́, àfọ́kù sì ń ṣòfò. Frey wá ọgbọ́n dá. Ní 1918, ó rí bí òun ṣe lè yọ́ àfọ́kù náà pẹ̀lú omi ara wàrà, kí ó tún dì padà, kí ó máa dán, kí ó máa yọ́ lórí iná láìpín sí méjì. Kò ní òórùn kankan tí èèyàn lè torí rẹ̀ ṣí fèrèsé. Velveeta ni wọ́n pè é, orúkọ tí wọ́n yọ láti ara aṣọ àrán. Ní 1923 wọ́n dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ní 1927 Kraft rà á.

Ọkùnrin kan náà, ìlú kan náà. Ó fi ọwọ́ kan ṣe èyí tó ń rùn, ó fi èkejì ṣe èyí tí kò rùn rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé àwọn kan ni wọ́n bí mọ́ òórùn líle, pé àwọn kan ni wọ́n bí mọ́ jẹ́jẹ́, ẹ dárúkọ Emil Frey fún un.

Èyí tí kò rùn ló borí, ogun àti òfin sì ràn án lọ́wọ́. Ní 1911, Walter Gerber àti Fritz Stettler ní ìlú Thun, ní Switzerland, ti rí bí wọ́n ṣe lè yọ́ wàràkàsì kí ó má bàjẹ́ lójú ooru. Ní 1916, James Kraft, ọmọ Kánádà tó ń ṣòwò ní Chicago, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tirẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní, agolo wàràkàsì Kraft ń bá àwọn sójà lọ. Ogun kan náà ló sọ gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ Jámánì di ohun ìfura ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó tún di 1920, òfin de ọtí. Ilé ọtí ni Limburger ti ń rí èèyàn: búrẹ́dì dúdú, àlùbọ́sà, mọ́sítáádì, ife bíà kan. Bí wọ́n ti ti ilé ọtí pa, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́ sílé níwájú ìyàwó àti àwọn ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì?

Ó di ohun ẹ̀fẹ̀. Ní 1935, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ kan ní Independence, ní ìpínlẹ̀ Iowa, dá Limburger tí wọ́n fi ránṣẹ́ padà nítorí òórùn. Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ti Monroe, ti Wisconsin lọ́tẹ̀ yìí, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sókè, torí owó ìlú rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì pàdé ní Dubuque, wọ́n gbé wàràkàsì sáàárín, wọ́n fi imú jà, àwọn akọ̀ròyìn ń wò. Monroe ló borí, Limburger tún ń gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Bó sì ṣe ń di ohun ẹ̀rín náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe é ń dín kù, títí ó fi wá ku ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ní gbogbo Amẹ́ríkà, ní Monroe náà.

Ti onígun mẹ́ta tí mo ní mo kà kún ìtàn ńkọ́? Ó wá láti inú ogun kan náà. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹran lọ fún sójà Faransé ní àwòrán màlúù tó ń rẹ́rìn-ín lára. Ayàwòrán Benjamin Rabier ló yà á, wọ́n sì fi ń ṣẹ̀fẹ̀ Valkyrie, àwọn obìnrin ajagun inú àlọ́ àwọn ará Jámánì. Léon Bel, tó ti bá àwọn ọkọ̀ yẹn ṣiṣẹ́, fi orúkọ yẹn ta wàràkàsì yíyọ́ ní 1921: La vache qui rit. Kò nílò fíríìjì, kò rùn. Ohun tó mú un dé àárín àwa tí iná máa ń lọ mọ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ti jẹ màlúù tó ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó fẹnu kan wàrà, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà Ìlọrin kò jìn tó ti ilẹ̀ Faransé. Ìyẹn ń bí mi nínú díẹ̀, mi ò parọ́.

Liederkranz fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní 1926 wọ́n kó o lọ sí Van Wert, ní Ohio, níbi tí mílíìkì ti pọ̀. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n débẹ̀, ilé tuntun, irinṣẹ́ tuntun, wàràkàsì náà kọ̀, kò gbó bó ṣe yẹ. Wọ́n bá lọ kó àwọn pákó àtijọ́ wá láti Monroe, wọ́n sì fi wàràkàsì tó ti gbó pa ara ògiri. Ìgbà yẹn ló tó gbà. Bí ìyá kan tó ń ṣe irú bá gbọ́ ìtàn yìí, kò ní yà á lẹ́nu pé ìkòkò àti igbá a máa rántí. Ní 1929, Borden ra ilé iṣẹ́ náà. (Àwọn òṣìṣẹ́ Van Wert yìí náà ló dáwó lẹ́yìn Ogun Kejì fún ère tuntun Marie Harel ní Vimoutiers, ní Normandy, obìnrin tí wọ́n ní ó kọ́kọ́ ṣe Camembert ní 1791. Bọ́ǹbù àwọn tó wá gba Faransé sílẹ̀ ló ba ère àkọ́kọ́ jẹ́ ní 1944.) Ní 1985, kòkòrò búburú wọ inú àwọn kan nínú wàràkàsì náà, wọ́n sì dá a dúró. Fún nǹkan bí ọdún 25, kò sí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá dá olùgbọ́ wa lóhùn. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ní Oxford gbé òórùn kan náà sí imú àwọn èèyàn, òórùn tó wà lára wàràkàsì tó sì tún wà lára òógùn. Nígbà mìíràn wọ́n á kọ "wàràkàsì cheddar" síwájú wọn, nígbà mìíràn "òórùn ara". Òórùn kan náà o. Nígbà tí wọ́n bá ka wàràkàsì, wọ́n á ní ó dáa. Nígbà tí wọ́n bá ka òórùn ara, wọ́n á ní kò dáa. Ó hàn nínú ọpọlọ wọn pẹ̀lú. Àwọn òyìnbó náà kò sì fi gbogbo ara jẹ́ ọ̀kan: ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Lyon, ní àárín ilẹ̀ wàràkàsì gan-an, bi èèyàn 332 léèrè, nǹkan bí 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì ní wàràkàsì máa ń rí àwọn lára. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ wa ní London, imú rẹ kò ní àléébù. Kò sẹ́ni tó gbé e fún ọ nígbà tí o wà lọ́mọdé pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí ni mo fẹ́ fi kádìí rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àwa tí a ń ti ilé gbé irú bọ̀ wá sí họ́sítẹ́ẹ̀lì máa ń wé e ní ọ̀rá mẹ́ta. Ẹni tí irú rẹ̀ bá jò sínú báàgì, orúkọ rẹ̀ yí padà fún odidi sáà kan. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú yàrá yẹn tí kì í jẹ ẹ̀fọ́ rírò nílé. Kò sẹ́ni tí imú rẹ̀ yí padà láàárín ilé rẹ̀ àti ọgbà ilé ìwé. Ẹgbẹ́ ló yí padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Limburger ní Amẹ́ríkà ló ń ṣẹlẹ̀ sí irú lójú wa: ọmọ tó kàwé á fi kúùbù se ọbẹ̀, á ní irú máa ń gbé òórùn sórí kọ́tìnì òun. Ní 1991, Cadbury Nàìjíríà gbìyànjú láti sọ dawadawa di kúùbù, ó dì í sínú ìwé, ó sọ ọ́ di ohun tó mọ́ tónítóní. Ọjà náà kò tà. Àwọn tó fẹ́ irú fẹ́ irú, àwọn tó fẹ́ kúùbù sì ti ní kúùbù.

Lóòótọ́, gbogbo ìgbìyànjú kọ́ ni mo lòdì sí. Mo mọ àwọn tó ń sá irú gbẹ, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń rọ ọ́ sínú ìgò olómorí líle, tí ó sì ń dé Houston láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mú wọn ní èbúté ọkọ̀ òfuurufú. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn, torí irú ṣì ni. Velveeta irú ni mi ò fẹ́.

Ní 2010, ilé iṣẹ́ kan ní Wisconsin tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Liederkranz. Àwọn àgbàlagbà tó jẹ ẹ́ nígbà èwe wọn ló kọ́kọ́ wá a lọ.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí sáàdìnì inú agolo ṣe wọ ilé wa. Kí ó tó dìgbà náà, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa: wàrà tútù àbí díndín, irú wooro àbí pẹ̀tẹ̀? Kí ẹ sì sọ ìlú yín mọ́ ọn, torí ìjà ni yóò dà. Ó dìgbà o.